Ẹ Jẹ́ Kí Sùẹ̀gbẹ̀ Rí Ibi Jókòó

Ọ̀rọ̀ fíìmù kan ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe fíìmù tuntun, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Ọdún 2004 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì láti ọdún pípẹ́, mi ò tí ì rí fíìmù tó mọ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó èyí. Orúkọ rẹ̀ ni Napoleon Dynamite. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé Faransé bíi tèmi, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ: kò sí jagunjagun kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó bú gbàmù. Ọmọkùnrin kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí gbogbo ilé-ìwé gbà pé sùẹ̀gbẹ̀ ni.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Preston, ní ìpínlẹ̀ Idaho, ni Napoleon ń gbé pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ náà ga lásán. Irun rẹ̀ rí wúruwùru, awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ, bàtà ńlá tí wọ́n ń wọ̀ sínú yìnyín ló sì ń wọ̀ kiri. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ẹ gbé ẹrù lé lórí. Ojú rẹ̀ kì í là tán, ẹnu rẹ̀ kì í pa dé tán. Ó máa ń parọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní gbà gbọ́, pé òun lọ ṣọdẹ àwọn ẹranko búburú ní Alaska. Tí wọ́n bá jẹun ní ilé-ìwé, yóò rọ ọ̀dùnkún òyìnbó díndín sínú àpò ṣòkòtò, yóò máa yọ ọ́ jẹ nínú kíláàsì. Tó bá délé, òun ló ń gbé oúnjẹ fún láámà tí wọ́n ń sìn, ẹranko tó dà bíi ràkúnmí tí kò ní iké. Tìbínú-tìbínú ló sì fi ń ju oúnjẹ náà sí i. Àwọn ọmọkùnrin tó lágbára jù ú lọ a máa tì í mọ́ àpótí onírin tí wọ́n ń kó ìwé sí, wọn a sì kọjá lọ bí ẹni pé wọn ò ṣe nǹkan kan.

Àwọn àgbà tó yí i ká ńkọ́? Ìyá àgbà gun ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ ṣeré lórí òkìtì iyanrìn, ó ṣubú, egungun ìdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Ni arákùnrin bàbá kan tó ń jẹ́ Rico bá wá ń ṣọ́ ilé. Abọ́ oníke ni Rico ń gbé láti ilé dé ilé láti tà, ṣùgbọ́n ọdún 1982 ni ọkàn rẹ̀ ń gbé. Lójú tirẹ̀, ká ní wọ́n fi òun sínú ìdíje bọ́ọ̀lù lọ́dún yẹn ni, òun ì bá ti di ẹni ńlá. Kip, ẹ̀gbọ́n Napoleon, ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó jókòó sídìí íntánẹ́ẹ̀tì láti bá obìnrin tí kò tí ì fojú kàn sọ̀rọ̀. Ẹ rí i pé sùẹ̀gbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan nínú ilé yẹn. Ọmọdé nìkan ni wọ́n ń fi orúkọ náà pè.

Nígbà tó yá, Napoleon rí ẹni méjì. Èkíní ni Pedro, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-ìwé náà. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í yí padà. Èkejì ni Deb, ọmọbìnrin onítìjú tó ń ya fọ́tò, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ohun tí wọ́n ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́, tó ń tà á láti fi tọ́jú owó yunifásítì. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pọ̀. Kò sí ẹni tó kéde pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Wọ́n kàn jọ wà níbẹ̀ ni.

Pedro wá ní òun fẹ́ du ipò olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò náà ni Summer Wheatley, ọmọbìnrin arẹwà tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò, lẹ́yìn tí Summer sọ̀rọ̀ tán, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jó ijó tí wọ́n ti múra sílẹ̀ dáadáa. Pedro ò mọ̀ rárá pé èèyàn ní láti ṣe eré kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò ní nǹkan kan nílẹ̀. Napoleon mú kásẹ́ẹ̀tì orin kan, ó gbé e fún ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ó sì bọ́ sórí pèpéle ní òun nìkan. Orin Jamiroquai bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yẹn sì jó!

Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ti ń dá ijó kọ́ nínú yàrá rẹ̀, láti inú fídíò kan tó rí níbi tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù. Gbogbo yàrá ńlá náà dákẹ́. Nígbà tó parí, kò dúró gba ìyìn. Ó sáré jáde. Àtìgbà tó ti sá lọ tán ni ènìyàn ń dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Pedro sì wọlé ìbò.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè sọ pé, “Olùkọ́, a ti mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ fẹ́ sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀bùn tó fara sin.” Rárá o. Ọ̀rọ̀ tí mo rí kà lórí fíìmù yìí, ibi tí púpọ̀ nínú wọn parí sí nìyẹn, èmi ò sì gbà. Ẹ tún un wò. Nígbà tí Pedro kọ́kọ́ bá Napoleon jókòó, kò mọ̀ pé ó lè jó. Deb náà kò mọ̀. Nígbà tí Trisha, ọmọbìnrin tí Napoleon pè lọ sí òde ijó ilé-ìwé, já a sílẹ̀ síbẹ̀ láìbìkítà, Deb ló bá a jó, ó sì jó o láìretí pé ọmọ yìí yóò di nǹkan kan lọ́la. Wọ́n ti fún un ní ibi jókòó kí ó tó ní ohunkóhun láti fi san án. Ijó orí pèpéle yẹn kọ́ ló sọ ọ́ di ènìyàn. Nítorí pé àwọn kan ti kà á sí ènìyàn ló ṣe rí ẹni tí yóò jó fún. Ẹ rántí pé kò jó láti gbayì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wọ ìṣòro, ohun kan ṣoṣo tó ní lọ́wọ́ ló gbé jáde.

Ẹ sì wo bí fíìmù náà ṣe parí. Nínú irú fíìmù báyìí tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́, ẹ ó rí i pé wọn yóò yọ awò lójú ọmọ náà, wọn yóò tún irun rẹ̀ ṣe, yóò di arẹwà, àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín yóò sì wá máa tọrọ àforíjì. Nínú èyí, irun Napoleon wà bó ṣe wà. Awò rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò kọ́ láti máa sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹyọ ohun kan ló yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù kan wà ní àgbàlá ilé-ìwé, tí wọ́n fi okùn so mọ́ òpó. Ẹni méjì ló yẹ kó máa gbá a sí ara wọn, ṣùgbọ́n Napoleon nìkan ló máa ń dá a gbá. Ní ìparí, Deb wá dúró ní ìhà kejì òpó náà. Ó tán. Fún èmi, ohun tí fíìmù yìí ní láti sọ kò ju ìyẹn lọ, ó sì tó.

Àwa Yorùbá ní òwe kan tí a fẹ́ràn púpọ̀: ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń lò ó nílé àti nílé-ìwé. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ yá, a ti sọ ọ́ di àṣàmú. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ò ṣí, a ti dá ẹjọ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. A sọ òwe tó wà fún ìyìn di ìdájọ́ fún ẹni tí kò tí ì ṣe tán. Àwọn baba wa kan náà ló sì sọ pé igi tí a bá fojú di ló ń gúnni lójú. Kí ló dé tí a kì í pa èyí létí àwọn ọmọ wa?

Mo mọ̀ pé ẹ̀hónú kan wà lórí fíìmù yìí, kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Roger Ebert, ọ̀kan nínú àwọn aláríwísí fíìmù tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ìràwọ̀ kan àbọ̀ nínú mẹ́rin ló fún un. Àwọn mìíràn sọ pé ńṣe ni fíìmù náà gbé àwọn ènìyàn kéékèèké jáde kí àwa tó ń wò ó lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀sùn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. LaFawnduh, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí Kip ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dé sínú fíìmù náà, ó sì fẹ́ràn Kip tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò fún un ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ. Aṣọ àti ẹ̀gbà ọrùn tó kó bá Kip ni wọ́n fi ṣe àwàdà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọwọ́ wọn kò dé gbogbo ibi.

Ní ti Napoleon fúnra rẹ̀, mi ò gbà fún Ebert. Nínú èdè wa, bíbá ènìyàn rẹ́rìn-ín yàtọ̀ sí fífi ènìyàn rẹ́rìn-ín. Fíìmù yìí gbà wá láàyè láti fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà pípẹ́, ó sì wá fi ẹni tí a ń fi rẹ́rìn-ín hàn wá. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé ẹ̀rín lè ní làákàyè. Ẹ̀fẹ̀ tó ń kọrin lóru máa ń bú ènìyàn, ìlú yóò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú ni Ẹ̀fẹ̀, ó mọ ẹni tó ń bú, òun àti onítọ̀hún ni yóò sì jọ jí sí ìlú kan náà lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rín ẹni tó ń gbé láàárín wa kò rí bí ẹ̀rín ẹni tó ń wo wá láti orí òkè.

Irú ẹ̀rín àárín ilé bẹ́ẹ̀ ni mo rí nínú Napoleon Dynamite. Jared Hess tó darí rẹ̀, Preston ló ti dàgbà. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Jerusha, ni wọ́n jọ kọ ìtàn náà. Kí wọ́n tó ṣe é, Hess ti kọ́kọ́ ṣe fíìmù kékeré kan tó ń jẹ́ Peluca, ní dúdú àti funfun, nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Brigham Young. Jon Heder, tí wọ́n jọ wà nílé-ìwé náà, ló ṣe ọmọ náà nínú méjèèjì. Nígbà tí àkókò fíìmù ńlá tó, Hess ò wá ìlú mìíràn tí yóò fi ṣe Preston. Ó padà sí Preston gan-an lọ́dún 2003, ó ya àwòrán ní ilé-ìwé ìlú náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì fi yà á tán. 400,000 dọ́là ni gbogbo owó tí wọ́n ná. Lójú tiwa owó ńlá ni. Lójú àwọn oníléeṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà, owó ìpápánu ni. 1,000 dọ́là ni owó tí wọ́n kọ́kọ́ fún Heder. Ọ̀pọ̀ nínú ijó tí mo sọ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá a bó ṣe ń bọ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2004, wọ́n gbé e lọ sí àjọ̀dún fíìmù Sundance. Ilé-iṣẹ́ Fox Searchlight rà á níbẹ̀. Owó tó pa ju 40 mílíọ̀nù dọ́là lọ, aṣọ tí wọ́n kọ “Vote for Pedro” sí láyà, pé kí ènìyàn dìbò fún Pedro, sì di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ káàkiri. Lọ́dún 2005, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Idaho fọwọ́ sí ìwé kan láti yin tọkọtaya Hess àti ìlú Preston. Wọn ò tilẹ̀ gbàgbé ọ̀dùnkún òyìnbó díndín inú àpò yẹn, nítorí pé ọ̀dùnkún òyìnbó ni Idaho fi lókìkí. Ọmọ tí kò rí ẹni bá gbá bọ́ọ̀lù ló gbé orúkọ ìlú náà jáde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ní ẹ̀rọ ayàwòrán lọ́wọ́, tí ẹ ń retí ọjọ́ tí ẹ ó dé Èkó tàbí Kútọnu kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo èyí dáadáa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ. Ibì kan wà nínú fíìmù náà tó máa ń dùn mí. Ọ̀gá ilé-ìwé pe Pedro sí ọ́fíìsì nítorí pé ó ṣe ohun kan tí wọ́n máa ń ṣe ní ilẹ̀ wọn: ère oníwèé tí wọ́n kó súìtì sí nínú, tí wọ́n ń fi igi lù títí yóò fi fọ́. Ó ṣe é ní àwòrán Summer. Lóòótọ́, kò bójú mu. Ṣùgbọ́n kàkà kí ọ̀gá náà bá a wí lórí ohun tó ṣe, ibi tí ọmọ náà ti wá ni ó fi ń bá a wí. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà diẹ̀ mọ irú ìbáwí yìí. Àwọn bàbá wa, àti àwa kan tó tẹ̀ lé wọn, mọ ohun tí wọ́n ń pè ní “signal” ní ilé-ìwé Faransé: ohun tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn, tí yóò máa gbé e kiri títí yóò fi mú ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ó sọ ọmọ di ẹni ẹ̀sín, ó tún sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jókòó ti ọmọ tí signal wà lọ́rùn rẹ̀.

A ti bọ́ ọ lọ́rùn wọn. Ṣé a ti bọ́ ọ lẹ́nu tiwa? Ẹ lọ wo ọmọ kan ní kíláàsì cinquième. Bí wọ́n bá ní kó dìde ka ìwé Faransé, ohùn rẹ̀ á há, àwọn tó kù á bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á ní kó jókòó. Nígbà ìsinmi, ẹ wá wò ó ní àgbàlá, níbi tó ti ń sọ èdè Kétu tàbí èdè Ṣábẹ̀ẹ́: ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí ọ̀rọ̀ wọn kì í dà níbì kankan, ní èdèkédè. Mo mọ ọmọ kan tí kò mọ nǹkan ṣe lójú gbogbo wa, àfi pé tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó lè fi ìró nìkan sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́ kí ó tó yọ. Kò wúlò fún ìdánwò BEPC. Bóyá kò ní wúlò fún nǹkan kan láé. Ó yẹ kí ẹnì kan ṣì jókòó tì í.

Nítorí pé àwọn ọmọ tó ń fi ilé-ìwé sílẹ̀ láàárín ọdún, tí ẹ gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti kọjá sí Nàìjíríà tàbí pé wọ́n ti ń wa zémidjan, owó ìwé nìkan kọ́ ló lé gbogbo wọn. Àwọn kan wà tí owó wọn pé, tí kò sí ẹni tó nà wọ́n, tí kò sí ẹni tó lé wọn. Kàn jẹ́ pé láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó wà ní ìhà kejì òpó náà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré, kò gba fàrańkì kan. Ẹ̀yin olùkọ́, tí ẹ bá ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ fún iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí àwọn àṣàmú máa yan ara wọn títí yóò fi ku ẹyọ kan tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Ẹ yàn án fúnra yín, kí ẹ sì tètè yàn án. Tí kíláàsì bá fẹ́ yan aṣojú, ẹ má sọ fún wọn pé ẹni tó gbọ́ Faransé jù ni kí wọ́n mú. Tí ẹ bá ń múra ọdún ìparí ẹ̀kọ́, ẹ bi àwọn tí kì í nawọ́ léèrè bóyá wọ́n ní nǹkan láti ṣe. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín to àga. Ẹ̀yin òbí, ẹ dẹ́kun pípe ọmọ yín ní sùẹ̀gbẹ̀ lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Ẹ má sì retí pé lẹ́yìn èyí, ọmọ náà yóò gun orí pèpéle lọ́jọ́ kan kí ó sì ya yín lẹ́nu. Ó ṣeé ṣe kó má jó láé.

Ẹ wá fíìmù náà wò pẹ̀lú àwọn ọmọ yín tó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò sí ìhòòhò nínú rẹ̀, kò sì sí èébú rírùn tí ẹ ó máa fi ọwọ́ bo etí ọmọ sí. Ó máa ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní sùúrù fún un. Bí ẹ bá wò ó tán, ẹ má bi ọmọ yín pé ẹ̀kọ́ wo ló rí kọ́. Ẹ kàn bi í pé ta ni ó máa ń dá jókòó ní kíláàsì rẹ̀. Yóò mọ orúkọ náà lójú ẹsẹ̀.